ILÉ ÌBEJÌ TÍ ỌMỌ-ỌBA ALBERT KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìjọ nínú Ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

  

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún pè wá, ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ní kí a sọ. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa ilé Ọlọ́run ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi yóò padà sí ilé ara rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀sán, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé títí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn yóò fi dé. Bí ilé náà bá ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ìlera rẹ̀, ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ àti àlàáfíà àárín òun àti aya rẹ̀ yóò ṣe máa rí. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà ni a ṣe yàn láti sọ ìtàn ilé kékeré kan tí ó wà ní London. Kò ní ẹwà ààfin, kò sì ga, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ fún gbogbo onílé àti gbogbo ayálégbé tí ó wà láàárín wa.

Ẹni tí ó kọ́ ilé náà kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ-Ọba Albert ni, ọkọ Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin, èsì dé sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1849 láti ọwọ́ Àlùfáà Henry Townsend. Bíbélì méjì ni Ọbabìnrin fi ránṣẹ́, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Lárúbáwá. Ẹ̀bùn ti Ọmọ-Ọba yàtọ̀: ọlọ irin ni, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo. Níwájú Ṣágbúà àti àwọn ìjòyè ni a ti da àgbàdo sí i, gbogbo wọn sì rí ìyẹ̀fun tí ó jáde. Ẹ kíyè sí irú ọkàn tí ó yan ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ọlọ ránṣẹ́ sí ìlú kan ti ro ti obìnrin tí ń kúnlẹ̀ ti ọlọ ní ìdájí. Ọkàn kan náà ni ó fi kọ́ ilé.

Ní oṣù November ọdún 1851, Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, wọ ààfin Windsor. Ó bá Ọmọ-Ọba yìí sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn Abẹ́òkúta àti Èkó. Ọbabìnrin pàápàá wá síbẹ̀, Crowther sì gba Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá sí wọn létí. Ní ọdún náà gan-an ni ilé tí a ń wí yìí dúró ní London, tí tọmọdé tàgbà ń rọ́ lọ wò ó.

Kí a tó ṣe àpèjúwe rẹ̀, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó fà á. Ní àkókò náà iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pọ̀ ní ilẹ̀ England, àwọn ará oko sì ń ya wọ inú ìlú. Ilé kò tó wọn. Ilé tí a ti kọ́ fún ìdílé kan ni a wá pín fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, yàrá kan fún baba, ìyá àti gbogbo ọmọ. Ọmọkùnrin tí ó ti bàlágà àti ọmọbìnrin tí ó ti tó lọ sí ilé ọkọ ń sùn sí ojú kan náà pẹ̀lú òbí wọn. Nínú yàrá náà ni a ń dáná, ibẹ̀ ni a ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni aláìsàn ń kú sí, òkú rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ títí a ó fi rí owó sin ín. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo, ihò rẹ̀ kò sì jìnnà sí omi tí wọ́n ń mu. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ ìlú náà ní 1848 àti 1849, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 14,000 ní London nìkan.

Òfin pàápàá ń ran àìsàn lọ́wọ́. Owó-orí wà lórí fèrèsé: ilé tí ó bá ní fèrèsé mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń san án. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onílé ṣe fi bíríkì dí fèrèsé pa, tí àwọn mìíràn kò sì la fèrèsé rárá níbi tí ó yẹ kí ó wà. A lè wí pé ìjọba ń gba owó lórí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn, ohun méjì tí Ọlọ́run fi fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó-orí wà lórí bíríkì pẹ̀lú. A mú ti bíríkì kúrò ní 1850, a sì mú ti fèrèsé kúrò ní 1851.

Ẹgbẹ́ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1844 láti tún ipò àwọn òṣìṣẹ́ ṣe. Òpó pàtàkì nínú rẹ̀ ni Lord Ashley, ẹni tí ó di Earl of Shaftesbury ní 1851, onígbàgbọ́ tí ń fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú Ìjọ England. Ọmọ-Ọba Albert ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù April 1848, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ péjọ sí pápá Kennington, ní ìhà gúúsù London, wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹ̀rù ba ìjọba. A ti kó Ọbabìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí erékùṣù Wight kí ọjọ́ náà tó pé. Ó rọrùn fún ọlọ́lá láti sé àyà rẹ̀ le sí tálákà lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ-Ọba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù May ọdún kan náà, ó jókòó bí alága níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ yìí, ó sì fi hàn ní gbangba pé ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ń dun òun, nítorí làálàá wọn pọ̀, ìgbádùn wọn sì kéré. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fi bíríkì sọ ohun tí ó ti fi ẹnu sọ.

Ọdún 1851 ni Ìpàtẹ Ńlá, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá sí Hyde Park, sínú ilé dígí gàgàrà tí Joseph Paxton yàwòrán rẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́fà ènìyàn ni ó wọ inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní àgbàlá bárékè àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin, ni Ọmọ-Ọba Albert kọ́ ilé òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ti wo wúrà àti ẹ̀rọ ńláńlà tán yóò kọjá wo ibi tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà máa sùn sí. Àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ wò ju 250,000 lọ. Ayàwòrán-ilé tí ó ya àwòrán rẹ̀ ni Henry Roberts, ẹni tí a bí ní 1803. Ọkùnrin yìí ti kọ́ gbọ̀ngàn àwọn apẹja tí ó lọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá London, ó lè máa kọ́ ilé àwọn ọlọ́rọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yan ilé òṣìṣẹ́.

Ó tó àkókò wàyí kí a sọ irú ilé tí í ṣe ilé ìbejì. Ilé méjì ni, tí wọ́n fara ti ara wọn tí wọ́n sì pín ògiri kan ṣoṣo lò. Ọ̀kan wà ní ọ̀tún ògiri náà, èkejì wà ní òsì. Ohun tí ó wà ní ọ̀tún náà ni ó wà ní òsì, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí. Èrè rẹ̀ mẹ́ta ni. Èkíní, ògiri kan ti dín kù nínú ìnáwó. Èkejì, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìhà mẹ́ta tí ó kọjú sí ìta, níbi tí a lè la fèrèsé sí. Ilé tí a tò lọ bẹẹrẹ bí eyín kò ní ju iwájú àti ẹ̀yìn lọ. Ẹ̀kẹta, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gba inú yàrá ẹnìkan kọjá kí ó tó dé tirẹ̀.

Kì í ṣe Roberts ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú ilé yìí. Kí Victoria tó jọba, láàárín 1823 sí 1825, ọkùnrin ará Scotland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Claudius Loudon ti kọ́ ìbejì kan sí Porchester Terrace ní Bayswater, ní London. Ó ṣe é lọ́nà tí ẹni tí ń kọjá lójú pópó yóò fi rò pé ilé ńlá kan ṣoṣo ni. Àárín méjèèjì ni ó fi ilé òdòdó onídígí sí, tí orí rẹ̀ rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Inú ọ̀kan nínú wọn ni òun àti aya rẹ̀ Jane gbé, tí àwọn méjèèjì sì ti ń kọ ìwé nípa ọgbà. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé àwọn tí ó rí jẹ ni èyíinì. Iṣẹ́ tí Roberts ṣe ni pé ó mú èrò ìbejì, ó sì fi í sí ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó.

Báyìí ni ó ṣe é. Ó kọ́ ìbejì kan sílẹ̀, ó sì gbé ìbejì mìíràn lé e lórí, tí ó fi jẹ́ pé ìdílé mẹ́rin ni ó wà nínú ilé náà, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè. Láàárín ọ̀tún àti òsì, ojú ilé náà wọ inú lọ díẹ̀, ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà. Àtẹ̀gùn yìí ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ náà. A kò fi ògiri sé e mọ́; gbangba ni ó wà, òrùlé nìkan ni ó bò ó. Nítorí náà afẹ́fẹ́ títun ni ó ń fẹ́ lù ú nígbà gbogbo, òórùn àti àìsàn ilé kan kì í gba inú àtẹ̀gùn wọ ilé kejì. Ẹni tí ń gbé òkè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìta gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀.

Ọgbọ́n òfin pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1849 sí 1850, nígbà tí owó-orí fèrèsé ṣì wà, Roberts kan náà ti kọ́ ilé gíga kan fún Ẹgbẹ́ náà ní Streatham Street, ní àdúgbò Bloomsbury. Bí ilẹ̀kùn gbogbo ìdílé bá kọjú sí ọ̀nà inú ilé, agbowó-orí yóò ka gbogbo rẹ̀ sí ilé kan, yóò sì gba owó lórí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bá kọjú sí gbangba, olúkúlùkù ni ilé ọ̀tọ̀, fèrèsé ilé kékeré kan kò sì lè tó mẹ́jọ. Báyìí ni ó fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ òfin burúkú láìrú òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé ìdílé kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Pálọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dé, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 150 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ibi ìdáná wà, kọ́bọ́ọ̀dù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ooru láti ẹ̀yìn ààrò lè wọ̀. Láti pálọ̀ ni a ti ń wọ yàrá méjì fún àwọn ọmọ, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n 50 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Àwọn ọmọ kò lè jáde ní òru kí òbí tí ó wà ní pálọ̀ má mọ̀. Yàrá òbí jẹ́ ìwọ̀n 100, ọ̀nà rẹ̀ sì gba inú yàrá ìfọ-àwo wọlé, kí ó má bàa sí ẹni tí yóò ṣèèṣì já wọ inú rẹ̀. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ní fèrèsé tí ó kọjú sí ìta. Nínú ọ̀rọ̀ tí Roberts kọ nípa ilé yìí, ìtìjú àti ìwà rere ni ó fi ṣe ìdí àkọ́kọ́ fún yíya ibi ìsùn sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ìyá yóò fẹ́ gbọ́ nípa yàrá ìfọ-àwo náà. Ọpọ́n ìfọ-àwo wà níbẹ̀, ibi ìkó-èédú sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pẹpẹ ìgbáwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tí ó bá ń kán láti ara àwo a máa ṣàn padà sínú ọpọ́n. Ihò ìdàdọ̀tí wà lára ògiri, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ a máa pa ara rẹ̀ dé, ìdọ̀tí náà a sì bọ́ sí ibi kan tí a sé mọ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àpótí ìtọ́jú ẹran wà, afẹ́fẹ́ sì ń gba ihò inú bíríkì wọ inú rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀, tí omi ń gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ lọ. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé London ń du ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo, nǹkan ńlá ni èyí.

Lórí ọ̀ràn yìí, àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà náà rò pé afẹ́fẹ́ burúkú ni ó ń fa àrùn onígbáméjì. Ní 1854 ni Dókítà John Snow fi hàn nípa ẹ̀rọ omi Broad Street pé inú omi ni ó wà. Henry Whitehead, àlùfáà kékeré kan ní ìjọ St. Luke ní àdúgbò náà, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ láti ilé dé ilé láti bẹ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ni ó wá rí ẹ̀rí tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ Snow múlẹ̀. Nípa báyìí a mọ̀ pé bí Roberts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣìnà nípa orísun àrùn, oògùn tí wọ́n lò tọ̀nà: wọ́n mú ìgbẹ́ jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń jẹ tí ó ń mu.

Nísisìyí, ohun tí a fi kọ́ ọ. Bíríkì oníhò ni. Bíríkì tí inú rẹ̀ ṣófo kò gba amọ̀ púpọ̀, ó sì fúyẹ́ láti gbé. Afẹ́fẹ́ tí ó sé mọ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin òjò là á já, kì í sì í jẹ́ kí ariwo ilé kan dé ilé kejì. Roberts ṣe ìṣirò rẹ̀ pé ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin owó dín ju bíríkì lásán lọ. Igi kò sí nínú àjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú òrùlé. Bíríkì oníhò ni a tò tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ láti ògiri dé ògiri, a sì fi ọ̀pá irin fa ògiri méjèèjì mọ́ra kí bíríkì náà má bàa tì wọ́n síta. Iná kò rí ohun jó níbẹ̀. Ní ìlú tí iná ń fi òru kan pa ìdílé run, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni èyí fún ẹni tí ń gbé òkè.

Ẹnìkan yóò wí pé ọmọ ọba ni, owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ-Ọba àti Roberts mọ̀ pé bí ilé náà bá wọ́n jù, ohun ìwòran lásán ni yóò jẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé £440 sí £480 ni yóò ná ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ fún ìdílé mẹ́rin, èyí ni £110 sí £120 fún ìdílé kan. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá san ṣílè 3 àti sísì kan, tàbí ṣílè 4, lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ilẹ̀ àti owó-orí kúrò, £7 ni onílé yóò máa rí lọ́dún lórí £100 kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọrẹ àánú ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ènìyàn lè jèrè láìfi ẹ̀jẹ̀ ọmọlàkejì ṣe èrè.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó yẹ kí a sọ nínú ilé Ọlọ́run. Ilé yìí kò dé ọ̀dọ̀ òtòṣì paraku. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ tí ó dájú, tí ń gba owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni ó lè san ṣílè 4. Aláàárù tí ó rí iṣẹ́ lónìí tí kò rí i lọ́la, opó tí ń ránṣọ, àwọn wọ̀nyí ṣì wà nínú yàrá kan ṣoṣo wọn. Àwọn tí ó sì farawé Ọmọ-Ọba kò pọ̀ tó bí ó ti yẹ. Àwọn kan ṣe é: ní Windsor, a kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti inú àwòrán Roberts kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ṣùgbọ́n títí di 1919, nígbà tí òfin tí Christopher Addison gbé kalẹ̀ fi owó ìjọba ti àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́yìn, ni ilé òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ káàkiri ilẹ̀ England, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ilé ìbejì. Irúgbìn tí a gbìn ní 1851 kò tètè hù, ṣùgbọ́n ó hù.

Nígbà tí Ìpàtẹ Ńlá parí, a tú ilé náà, a sì lọ tún un kọ́ ní Kennington, lórí pápá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti péjọ ní 1848. A fẹ́ kí ẹ ronú lórí èyí. Ibi tí a ti ń pa ọ̀daràn ní gbangba látijọ́ ni pápá náà. Níbẹ̀ ni George Whitefield àti John Wesley, àlùfáà méjì nínú Ìjọ England, ti wàásù fún ẹgbàágbèje ènìyàn ní 1739. Níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti kígbe fún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ilé òṣìṣẹ́ wá dúró sí. Pápá náà di ọgbà ìgbafẹ́ ní 1854, àwọn olùtọ́jú ọgbà sì gbé inú ilé náà. Ọmọ-Ọba Albert kú ní ọjọ́ 14 oṣù December 1861, ní ẹni ọdún méjìlélógójì, ṣùgbọ́n ilé náà wà síbẹ̀ títí di òní, ó sì wà nínú ìwé àwọn ilé tí òfin England dáàbò bò. Kò jìnnà sí Camberwell àti Peckham, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá lọ bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò lọ́hùn-ún lè rìn dé ibẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí àtẹ̀gùn tí a ń wí.

Ẹ̀yin ará, ibi tí a ń lọ rèé. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó wà nínú ètò Àjọ̀dún yìí láti kọ́ ilé ìháyà sí ilẹ̀ ìjọ, kí owó lè máa wọlé fún iṣẹ́ Olúwa. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń wí pé kí a kọ́ yàrá púpọ̀, kí yàrá kọjú sí yàrá, kí ọ̀nà kan gùn láàárín wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ayálégbé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni owó sì ń yára wọlé. A kò bá wọn jà, nítorí wọ́n fẹ́ ire ìjọ. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò.

Agboolé àwọn baba wa kì í ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n. Baálé wà tí ń parí ìjà, àgbàlá wà tí òrùn ń ràn sí, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára ọmọ gbogbo ènìyàn. Yàrá tí ó kọjú sí yàrá mú ọ̀pọ̀ ènìyàn inú agboolé, ó fi àgbàlá sílẹ̀, ó fi baálé sílẹ̀. Ó kó àwọn tí kò mọ ara wọn rí sójú kan, ó sì ní kí wọ́n máa du omi àti iná. Ìjà tí ń bá ibẹ̀ jáde kì í ṣe ìwà burúkú àwọn ayálégbé nìkan ni ó ń fà á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó sì yàwòrán ilé náà ni ó kọ́kọ́ la ẹnu ògiri.

A dá a lábàá pé kí ìjọ kọ́ ilé ìbejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ méjì péré ni agbára wa ká ní ọdún yìí. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Kí ó ní yàrá fún òbí, yàrá fún ọmọkùnrin, yàrá fún ọmọbìnrin. Kí ó ní ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Kí fèrèsé wà ní ìhà mẹ́ta. Ní ilẹ̀ wa níbí, ooru ni ọ̀tá wa, kì í ṣe òtútù, nítorí náà àǹfààní fèrèsé wọ̀nyí tún pọ̀ fún wa ju fún ará London lọ. Kí àtẹ̀gùn wà ní gbangba, bí a bá ní agbára láti gbé òkè lé e. Èrè yóò kéré díẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, a kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ayálégbé tí ara tù kì í kó kúrò lóṣooṣù, kì í ba ilé jẹ́, a sì máa san owó rẹ̀ láìsí ìpè.

Ohun kan ṣẹ́kù. A ti wí pé ilé Ọmọ-Ọba kò dé ọ̀dọ̀ òtòṣì paraku. Kí tiwa má rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ilé tí a bá kọ́, kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún opó tàbí fún arúgbó òṣìṣẹ́ ìjọ tí kò lè san owó tí àwọn yòókù ń san, kí èrè àwọn yòókù sì gbé e. Bí a bá ṣe èyí, a ó ti fi ìgbésẹ̀ kan kọjá ibi tí Ọmọ-Ọba dé.

Ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn yóò dé, àwọn kan yóò sì jókòó sí ibi tí ẹ jókòó sí yìí, wọn yóò máa ka orúkọ wa. Wọn yóò rí ilé ìsìn tí a fi sílẹ̀, wọn yóò sì yìn wá. Ṣùgbọ́n wọn yóò tún wo ilé tí a háyà fún ènìyàn, láti mọ̀ bóyá ohun tí a wàásù nínú ọ̀kan ni a fi kọ́ èkejì. Kí Olúwa, tí í ṣe Olórí gbogbo Kọ́lékọ́lé, tọ́ ọwọ́ wa sọ́nà. Àmín.